Ọmọ Apínlẹ́tà Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara yín le? Ṣé bùrọ̀dá ò tíì fi ariwo ayùn lé yín jáde nílé? Lẹ́tà tí ẹ kọ ṣáájú ọdún tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ ní kí n sọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó ń lọ, bàámi. Kóòṣì ní kí n rọra ṣe díẹ̀, torí ọdún tó kọjá le, kí n jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Torí náà, tí ẹ ò bá rí orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá mi, ògiri ilé ẹlòmíì ló sì kọjú sí. Ògiri ń wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yín kan ránṣẹ́. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, aṣọ iṣẹ́ lẹ wọ̀, irun yín ṣì dúdú kirikiri. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe rí báyìí.

Ọmọ yín,
Ògiri


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ògiri mi,

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi dùn sí i. Ara mi le bí o ṣe fi í sílẹ̀. Bùrọ̀dá rẹ ń kan àga méjìlá fún ilé ìwé kan. Láti ìdájí ló ti ń fá pákó, ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sínú tíì mi. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, á ní òun ò gbọ́, ayùn ló ń ké. Tí mo bá dákẹ́, á ní kí ló dé tí mo dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé-Ajé ni ìwé ìròyìn ń wọlé. Ojú ewé ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Oṣù kẹjọ rèé tí mi ò rí orúkọ rẹ. Kóòṣì wo ló ń ní kí èèyàn sinmi fún oṣù mẹ́jọ? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí àwọn ọkùnrin ilé ìwé yín ní kí o kúrò lórí pápá torí o jẹ́ obìnrin, ṣebí o dúró níwájú gólì títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ẹnì kan ò sì rí bọ́ọ̀lù gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Ògiri. Ògiri tí mo mọ̀ kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́tà rẹ sì ti ń kúrú. Tẹ́lẹ̀, ewé mẹ́rin lo máa ń kọ, o máa ń sọ irú bàtà tí ẹni tó ń gbá ọ̀tún wọ̀. Báyìí, ó dà bí ìwé tí wọ́n fi ń pe èèyàn sípàdé. Sọ fún mi: ọjọ́ wo lẹ gbá bọ́ọ̀lù, ta lẹ bá gbá, ta ló borí?

Kò sí fọ́tò. Ayàwòrán àdúgbò wa ti kó lọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. A gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a sì borí, méjì sí ẹyọ kan. Ìdajì kejì ni wọ́n mú mi wọlé. Ọmọbìnrin gíga kan ló wà níwájú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà, kò jẹ́ kí n mí. Mo tẹ̀ lé e bí òjìji títí wọ́n fi fọn fèrè. Àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ mi lórí ìjókòó. Ṣé ọkàn yín balẹ̀ báyìí?

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò lè kọ púpọ̀. Ẹ bá mi kí bùrọ̀dá.

Ògiri


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà. Kí n tó ka orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà, òǹtẹ̀ orí sítáǹbù ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo máa ń mọ ìlú tó ti wá kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Òǹtẹ̀ orí lẹ́tà rẹ mẹ́rin tó kẹ́yìn kì í ṣe ti ìlú ẹgbẹ́ rẹ. Mo kọ́kọ́ rò ó pé ẹ rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù ni. Mo tún un wò. Ìlú kan náà, pósítọ́ọ̀físì kan náà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni èmi ṣì ń kọ, lẹ́tà mi sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ta ló ń bá ọ darí rẹ̀? Mo wá bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé tí o ròyìn nínú ìwé ìròyìn. Ẹgbẹ́ rẹ ò gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ tí mo bí ló jókòó tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ò gbá fún mi, tòun ti ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ bí àkàbà. Níbo lo wà? Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Ta lò ń sá fún? Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí o fi máa lè kọ òótọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Bàámi,

Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ rí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni. Bọ́ọ̀lù tí kò tiẹ̀ ṣe pàtàkì là ń gbá, òjò ti rọ̀ sórí pápá. Mo yí padà láti lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún dúró síbi tó wà, ara mi ló yí. Mo gbọ́ ọ nínú ara mi, ó ró bí ìgbà tí bùrọ̀dá bá ṣẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ẹnì kan ló ta mí nípàá, ǹ bá rí ẹni tí màá bínú sí. Dókítà ní iṣan inú orúnkún ti já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ó di oṣù mẹ́sàn-án kí n tó lè sáré. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, àdéhùn mi parí. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún méje, bàámi. Nígbà tí màá fi jáde lọ kó ẹrù mi, wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó aṣọ sí.

Mo kó wá sí ìlú yìí torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí níbí. Bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ ló ń fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ eré ìmárale fún oṣù mẹ́ta, mo gba ìwé ẹ̀rí. Mò ń ṣiṣẹ́ báyìí ní jíìmù kan tó wà lókè ilé ìtajà bàtà. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí apá àwọn wú, ọ̀dọ̀ àwọn yòókù ni wọ́n ń lọ. Àwọn arúgbó ni wọ́n kó fún mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bíi pé ó ṣì di ìtọ́kọ̀ mú. Ìyá kan wà tó fi ogójì ọdún po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, kò lè gbé apá kọjá èjìká mọ́. Mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dìde lórí àga láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ràn mi. Àmọ́ pápá kan wà lọ́nà ilé, ọ̀nà tó jìn ni mo máa ń gbà kí n má bàa kọjá níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko, mo máa ń fọwọ́ bo imú títí màá fi dé ilé.

Ẹ ní ta ni mò ń sá fún. Ẹ̀yin ni. Gbogbo ilé tí ẹ ń pín lẹ́tà sí lẹ sọ fún pé ọmọ yín ń lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Mo wá ń rò ó pé tí orúkọ mi bá kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ni mo tún jẹ́ fún yín?

Àdírẹ́sì mi tòótọ́ wà lẹ́yìn àpòòwé. Ẹ fi èébú ránṣẹ́, màá gbà á.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje rèé.

Mo ti mọ ìgbà tí apínlẹ́tà àdúgbò wa ń kọjá: aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dún. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí kó tó débẹ̀, kí n má bàa retí lásán. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Bàámi,

Mo tún kí yín. Kò sí lẹ́tà tuntun, torí náà àwọn ti àtijọ́ ni mò ń kà. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, ti ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ ń rìn káàkiri nínú wọn: ẹ bá télọ̀ jà, ẹ kí oníbàtà, wọ́n gbẹ́ kòtò sí ìkòríta, ajá kan lé yín dé ẹnu géètì báńkì. Àmọ́ láti oṣù kọkànlá, ẹ ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Tíì, ayùn, ìyẹ̀fun igi. Ẹ ní ìwé ìròyìn "ń wọlé". Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn lọ rà á fúnra yín, tí ẹ máa ń bá olùtajà jiyàn títí oòrùn á fi mú!

Bàámi, iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí arúgbó ṣe ń rìn. Nínú àwọn lẹ́tà yìí, ẹ ò rìn. Kí ló ṣe yín?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Àbúrò mi,

Ó pẹ́ tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Bàbá ló ń kọ̀wé nínú ilé yìí, wọn ò sì mọ̀ pé mò ń kọ eléyìí. Pẹ́ńsùlù tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ló wà lọ́wọ́ mi, fojú fo àṣìṣe.

Ohun tí o fura sí rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù kọkànlá, bàbá fẹ́ dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ òsì ò dá wọn lóhùn mọ́. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, àmọ́ kò pọ̀, pé tí wọ́n bá ń lo ẹsẹ̀ náà, ó lè padà. Wọ́n lọ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, pé obìnrin kan níbẹ̀ ń sọ fún àwọn pé "gbé ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀" bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́ nírìn. Orí àga ni wọ́n wà láti ìgbà yẹn. Wọ́n mú mi búra pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí o má bàa torí àwọn fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Wọn ò bínú sí ọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní, "Mo bá ọmọ yìí jà pé ó purọ́ fún mi. Èmi ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé ìròyìn, ìwọ ni wọ́n ń wá. Èmi tí mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀, wọn kì í wá mi, torí mo wà níbẹ̀. Mi ò bá ọ jà o. Ó kàn rẹ̀ mí ni. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti máa mú arúgbó dìde. Arúgbó kan wà nílé.

Bùrọ̀dá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ

Bàámi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ti gbọ́. Ẹ má bá bùrọ̀dá jà, mo ti fura kí wọ́n tó sọ.

Mo sunkún, mo sì ti sunkún tán. Iṣẹ́ ló kù. Níbí, kóòṣì ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì gba àwáwí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ka ìwé yìí. Tó bá fọwọ́ sí i, kí bùrọ̀dá gbé àga tó dúró gbọin ti ògiri. Kí ẹ jókòó bọ́ síwájú díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí, kí ẹ wá dìde. Kí bùrọ̀dá dúró lápá òsì yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sàn-án. Ẹ má di èémí mú. Ẹ máa kà á sókè, torí ẹni tó bá ń kà kò ní lè di èémí.

Bùrọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan ọ̀pá kan mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá dé ilé ìwẹ̀, kó ga dé ìbàdí wọn, kí ẹ fá a kó dán. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ gbẹ̀yìn wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Jíìmù ò ní fún mi ní ìsinmi àfi tí mo bá lo ọdún kan. Ohun tó ń dùn mí nìyí: láràárọ̀, apá àwọn tí mi ò bá tan ni mò ń dì mú, tí mò ń sọ pé "ẹ rọra, mo wà lẹ́yìn yín," mi ò sì sí lẹ́yìn bàbá tó bí mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Kóòṣì,

Mo kí ọ pẹ̀lú ìtìjú. O purọ́ fún mi, mo purọ́ fún ọ. Ọ̀mì la gbá.

O bi mí pé kí lo tún jẹ́ fún mi. Ìbéèrè yẹn gbé mi lọ́kàn ju gbogbo irọ́ rẹ lọ. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà tí mo ṣe tí ọmọ mi fi lè rò bẹ́ẹ̀. Dárí jì mí.

Dókítà ka ìwé rẹ. Ó ní, "Ta ló kọ eléyìí?" Mo ní ọmọ mi ni. Ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dìde, ọwọ́ bùrọ̀dá rẹ ni mo sì jókòó lé. Ó ké ju ayùn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì. Lánàá, mo dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo di ọ̀pá mú, mo rìn dé ẹnu ilé ìwẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá! Èmi tí mo máa ń rin òpópónà mẹ́tàdínlógún lójúmọ́ wá ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Bùrọ̀dá rẹ pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Mo rí ọ." Ó ní kí ni mo rí. Mo ní, "Ìwọ. Láti oṣù kọkànlá." Ó kàn mú ìwé ìfápákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ọ̀pá tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Orúnkún tìrẹ ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣé ẹnì kan ń dúró lẹ́yìn ìwọ náà?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá

Bàámi,

Ẹ kú ìrìn o! Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, lọ́sàn-án. Ẹ má wàhálà wá pàdé mi, ilé ni mo fẹ́ bá yín.

Orúnkún mi máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì ń tiro díẹ̀. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa ta gìrì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Àwọn ọmọbìnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, gbogbo wọn ló rọ́ lọ síwájú, wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Mo fara dà á fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó yá, mo pariwo, "Ẹnì kan ò ní dúró lẹ́yìn ni?" Wọ́n wò mí bíi wèrè. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn padà sẹ́yìn.

Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá rí yín, "ẹ kú ilé" nìkan ló máa jáde.

Ọmọ yín


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Lánàá ni lẹ́tà rẹ dé. Mo ti ṣírò ó: tí mo bá fi èyí ránṣẹ́ lónìí, á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìwọ á sì ti wà níbí, wàá máa bá bùrọ̀dá rẹ jà lórí ariwo. Kò ní bá ọ. Inú àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ ni yóò wà títí o fi máa padà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Mo mọ ara mi. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ orúnkún la máa sọ, àti ti òrùlé tó ń jò. Màá fi ìrìn mi hàn ọ́, wàá bá mi wí pé mi ò gbé ẹsẹ̀ sókè tó. Lọ́jọ́ tí o bá ń padà, màá ní, "Ó dàbọ̀, ṣé o mú ìwé ìrìnnà rẹ?" màá sì wọlé. Ohun tó wà nínú mi ò ní jáde.

Òun nìyí. Nígbà tí ò ń lọ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o má lọ. Mo pa ẹnu mọ́. Mò ń sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ mi ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, torí tí mo bá dákẹ́, ẹkún ni màá sun. Ìwọ rò pé mò ń yangàn. Mò ń wá orúkọ rẹ nínú ìwé ìròyìn torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí i pé lọ́sẹ̀ yẹn o jí, o wọ bàtà, o sáré. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ò ká mi lára, ọmọ mi. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì.

Bí o ṣe ń kà á yìí, o ti padà débẹ̀. Yàrá á ti tutù, báàgì rẹ á ṣì wà nílẹ̀. Ilé tiwa náà á ti pa lọ́lọ́, bí bùrọ̀dá rẹ tiẹ̀ ń la pákó. Mo mọ bó ṣe máa rí lára rẹ, ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé inú rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ti sú ọ, máa bọ̀ wálé. Tí kò bá tíì sú ọ, dúró, àwọn arúgbó rẹ ń retí rẹ. Èyí tó wù kí o mú nínú méjèèjì, àárò rẹ ń sọ mí, ó sì ti ń sọ mí tipẹ́.

Bàbá rẹ